Pánẹ́ẹ̀lì Àgbérìn àti Bátìrì Alùpùpù ní Ìkẹjà àti Agége

Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó ṣòro kí ẹni tí ń fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́ má ronú sí ohun mìíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè máa mu. Ní Kútọnu àti Lómé, ilé-iṣẹ́ Spiro ti gbé alùpùpù oníbátìrì jáde, pẹ̀lú ibùdó tí ọlọ́kadà ti ń fi bátìrì tí ó ti tán gba èyí tí ó kún. Èkó náà kò gbẹ́yìn. MAX, tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2015, ti bá wọn wọ inú òwò náà. Ṣùgbọ́n níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, níbo ni bátìrì yóò ti rí iná gbà? Ìdáhùn kan tí ó dùn létí ni pánẹ́ẹ̀lì sólà àgbérìn, èyí tí a lè ká bí ẹní. Oòrùn kò kúkú ní mítà.

Ìṣirò ni kò jẹ́ kí ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka oòrùn Èkó sí nǹkan bíi wákàtí 4 tí ó mú ganrínganrín lóòjọ́, pánẹ́ẹ̀lì 100 wọ́ọ̀tì yóò pèsè 400 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Ooru, eruku àti wáyà yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí 300 fi sínú bátìrì ti gbìyànjú. Bátìrì alùpùpù tí ó jẹ́ 72 fóòtì àti 30 ámpíà-wákàtí ń gba 2,160. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn, fún ohun tí ọlọ́kadà lè ná tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú! Ti kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì yàtọ̀, nítorí bátìrì tirẹ̀ lè má ju 360 lọ. Òṣìṣẹ́ tí ń ti Agége lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Ọba Akran lè jèrè rẹ̀, bí ó bá ra kọntirólà tí ń gbé fóòtì sókè. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí ń mú nǹkan bíi 18 fóòtì jáde kò lè ti iná sínú bátìrì 36 fóòtì.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ sọ: wákàtí tí oòrùn mú ni wákàtí tí bátìrì wà lójú pópó. Nítorí náà, òrùlé gbàràmù-gbaramu àwọn ilé-iṣẹ́ Àgídíǹgbì àti Ọ̀gbà ni ó yẹ kí ojú wà, kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì aláká. Ogún pánẹ́ẹ̀lì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 wọ́ọ̀tì lè kún bátìrì alùpùpù bíi 13 lóòjọ́, kí àwọn ẹlòmíràn sì máa gbé wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Kí ni ó kan ẹ̀ka Yorùbá nínú èyí? Ẹni tí yóò fi owó àjọ ra pánẹ́ẹ̀lì ní Computer Village rí 'W' lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí ó fi ń ronú. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí á ṣẹ̀dá èdè-ìperí tuntun fún gbogbo nǹkan. Ọjà ti yanjú pánẹ́ẹ̀lì àti kọntirólà. Àlàyé ni ó kù: wọ́ọ̀tì ni bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́ọ̀tì-wákàtí ni omi tí ó ti wọ inú garawa. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá ń lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Agége lè kọ ìbéèrè yìí sí ojú pátákó: pánẹ́ẹ̀lì 200 wọ́ọ̀tì, oòrùn wákàtí 4, ìdá mẹ́rin kan ṣòfò, bátìrì 1,800 wọ́ọ̀tì-wákàtí, ọjọ́ mélòó?