Òfin Ìṣòwò Wà Nínú Fóònù Yín



Owó kan wà tí púpọ̀ nínú wa ń san, tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Kì í ṣe owó orí, kì í ṣe owó ìsọ̀. Owó tí à ń san fún ẹni tí yóò sọ ohun tí ìjọba ń béèrè fún wa ni. Ẹ wo ọ̀ràn yìí, tí kò ṣàjèjì nínú ọjà: ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báńkì ní orúkọ ìṣòwò rẹ̀. Báńkì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ wá. Kò mọ ibi tí yóò ti gbà á, ni alárinà kan bá yọ sí i, ó ní òun mọ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì. Ó gba owó, ó sì mú ìwé kan tí ó ní òǹtẹ̀ pupa wá. Nígbà tí ìwé dé báńkì, wọ́n wò ó nínú ẹ̀rọ, orúkọ náà kò sí níbẹ̀. Èrè èlùbọ́ oṣù mẹ́ta bá omi lọ.

Ìbá ṣe pé ìyá yìí mọ̀ ni, fóònù ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni ì bá fi yẹ ìwé náà wò kí ó tó sanwó tán. Àjọ tí ń forúkọ ìṣòwò sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAC, ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, cac.gov.ng. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ ìṣòwò níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, kí ó rí i bóyá ó wà nínú ìwé àjọ tàbí kò sí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju èyí lọ. Ní oṣù karùn-ún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń delé fún Ààrẹ nígbà náà, fi ọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí gbogbo iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba àpapọ̀ gbé ohun gbogbo tí wọ́n ń béèrè, iye owó rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà, sí orí ìkànnì wọn kí gbogbo ayé lè rí i. Ní oṣù kejì 2023, Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ náà di òfin ilẹ̀. Business Facilitation Act 2022 ni orúkọ rẹ̀.

Òfin náà wí pé bí àkọsílẹ̀ tí a gbé jáde bá yàtọ̀ sí èyí tí a kò gbé jáde, èyí tí a gbé jáde ni ó lékè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ mú nǹkan mẹ́jọ wá, tí ìkànnì àjọ rẹ̀ sì sọ márùn-ún, márùn-ún ni. Ó tún wí pé bí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá pé, tí wọn kò dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kà á sí pé wọ́n ti gbà fún yín. N kò ní kí ẹ lọ máa bá òṣìṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ o. Ẹ kàn tẹ ojú ìwé náà sórí tákàdá, kí ẹ fi hàn án tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ kó ìwé yín sílẹ̀, nítorí láìsí i, ta ni yóò bá yín ka ọjọ́?

Bí ẹ bá ń wá òfin, ẹ kọ́kọ́ wo ìparí àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà. Ti ìjọba Nàìjíríà a máa parí sí .gov.ng. Àwọn kan a máa gbé ohun tí ó jọ ọ́ kalẹ̀, wọn a tilẹ̀ sanwó kí tiwọn lè kọ́kọ́ yọ lórí Google. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọdún, nítorí òfin a máa darúgbó. Òfin ilé iṣẹ́ ti 1990 ní ó kéré tán ènìyàn méjì ni yóò dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀; ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, ní ẹnìkan ṣoṣo tó fún kọ́ńpìnnì aládàáni. Ẹni tí ó bá ka ti àtijọ́ yóò lọ wá ẹnìkejì tí òfin kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá àbúrò ìyàwó tí yóò dá ìjà sílẹ̀ lọ́la. Bákan náà ni VAT: ₦5 lórí ₦100 ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kejì 2020 ni ó ti di ₦7.50.

CAMA yìí ní abala 870. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù, ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kà á tán. Ti orúkọ ìṣòwò wà ní Apá E, abala 811 sí 822, kò gùn rárá. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ẹni tí ó ń dá ṣòwò ní kìkì orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú orúkọ àbísọ rẹ̀, kò sí lábẹ́ dandan láti forúkọ ìṣòwò sílẹ̀. Bí ó bá fi “Ventures” tàbí “and Sons” kún un, dandan dé. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí i pé ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ kí 30 oṣù kẹfà tó kọjá, àfi ní ọdún tí ó forúkọ sílẹ̀ gan-an. Mélòó nínú wa ni alárinà sọ èyí fún?

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré méjì bí ẹ bá ń ka òfin Gẹ̀ẹ́sì. “Shall” ni dandan. “May” ni pé a lè ṣe é, a sì lè má ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú yín lójú, ẹ lọ sí abala tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀, tí ó sábà máa ń wà ní ìdí òfin, kí ẹ tó lọ sínú atúmọ̀ èdè. Ohun tí òfin ní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni ó jẹ́ nínú òfin yẹn.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí òfin sì ń bá wí, Yorùbá ni ó fi ń ná ọjà. Ẹ̀yin olùkọ́, láyé àtijọ́ àwọn tíṣà ni ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò, wọn a sì bá wọn kọ èsì. Bí a bá fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kí a ka abala mẹ́ta péré, kí a túmọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ alárinà púpọ̀ yóò bàjẹ́. N kò ní sunkún fún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin tí mo kà sókè wọ̀nyí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ni ó sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ, títí kan láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́, bárò àti ọmọlàńkẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè wá òfin ìbílẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ má rí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà. Freedom of Information Act ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lágbára láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ náà. Ẹ béèrè òfin tí wọ́n fi ń gba owó ìsọ̀ àti iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tí ó gbà á fi ọwọ́ sí tiyín. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Nígbà mìíràn ó gbà wọ́n láyè láti fi méje kún un.