Alágbo Jẹjẹrẹ, Ó Tó Gẹ́ẹ́!

Láti Ìdáṣẹn dé Ọjà Ọba l'Ọ̀wọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ewúro. À ń fọ̀ ọ́, à ń sè é, à ń mu omi rẹ̀. N kò bá ewúro jà. Ẹni tó rọ ọ́ sínú ìgò, tó ń pariwo nínú ọkọ̀ pé ó ń wo jẹjẹrẹ ọmú, ni mo ń bá jà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn.

Wọn a ní ìwé ti jẹ́rìí sí i. Lóòótọ́, ìwé wà. Ní 2003, Ernest Izevbigie ti Jackson State University l'Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé omi ewúro kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i. Ìlú Benin ni wọ́n ti rí ewé náà, ìyẹn tí a bá gba Ifọ́n kọjá. Ní 2005, wọ́n fún un ní ìwé-àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú abọ́ yàrá ìwádìí ni sẹ́ẹ̀lì yẹn wà. Abọ́ kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín, kò ní ikùn. Ọtí líle náà ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́. Ta ló ń fi ìyẹn wo jẹjẹrẹ?

Wọn a tún ní, ṣebí ewé ni òyìnbó náà ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú ewé periwinkle, òdòdó tí a ń gbìn síwájú ilé, ni vincristine, oògùn jẹjẹrẹ, ti jáde. Àwọn ará Jàmáíkà ń se ewé náà mu fún àtọ̀gbẹ kí Robert Noble àti Charles Beer tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà ní àwọn ọdún 1950. Vincristine yẹn wà lára èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó ní jẹjẹrẹ Burkitt. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: àgbàlagbà kì í sábà gbà ju 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gún un sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè pa aláìsàn. Ta ló ń wọn ti inú ìgò alágbo?

Lọ́dún 2018, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó kọ ìtọ́jú ilé-ìwòsàn sílẹ̀. Láàárín obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn kò tíì tàn kálẹ̀, ewu ikú àwọn tó gbára lé ìtọ́jú àfidípò nìkan ju ìlọ́po 5 ti àwọn tó gba ìtọ́jú ilé-ìwòsàn lọ.

Owó ilé-ìwòsàn ń dẹ́rù bani, mo mọ̀. Ìjọba ni ká bínú sí fún ìyẹn. Alágbo náà kì í ta ọ̀fẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC tó ń ka sókè ketekete kò sọ pé oògùn rẹ̀ ń wo jẹjẹrẹ; ara ìgò kan náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Gbólóhùn yẹn ni kì í kà.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ lé wọn. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, ẹ gba FMC Ọ̀wọ̀ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà ewé tí ẹ ń mu. Ẹni tó bá dá a lójú pé ìgò rẹ̀ ń wo jẹjẹrẹ, Achievers University wà ní Ìdáṣẹn níbí. Kó gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni n ó san owó ọ̀kadà.