Kì í Ṣe Ẹ̀bi Ọmọ, Ẹ̀bi “ough” Ni

Àwa tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní lẹ́sìnnì nígbà ìsinmi ní Mowe, Ibafo àti Ifo ní ẹjọ́ kan láti rò.

Ní Mowe, ọmọ kan dìde láti kàwé sókè. Ó kan cough, ó ní “kọ́ọ̀fù”, a yìn ín. Ó kan tough, ó gbà á. Ló bá kan plough, ó ní “plọ́ọ̀fù”. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń kọ́ wọn nínú wa náà sì bá wọn rín in. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ní kó kàwé, á ní ọ̀fun ń dun òun.

Lójú tiwa, ọmọ yẹn ló ronú jù níbẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n though parí sí “ó”, through sí “ú”, plough sí “áò”. (Tough àti cough bára mu lẹ́nu wa, lẹ́nu òyìnbó, wọn ò bára mu tán. A ti bá wọn tún un ṣe díẹ̀.)

Nígbà kan rí, “gh” ní ohùn tirẹ̀, ọ̀fun ni wọ́n ti ń hà á jáde, bí ará Jámánì ṣe ń pe Nacht títí dòní. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476. Díẹ̀díẹ̀, ìwé dúró sójú kan, ẹnu ò dúró. Ohùn náà di “f” nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan, ó kú nínú òmíràn, lẹ́tà ò kúrò níbẹ̀. Kí ló kan ọmọ Mowe nínú ìyẹn tí a fi ń fi í rẹ́rìn-ín?

Ká má sì rò pé tiwa dáa tán. Láti 1875 tí wọ́n ti ṣèpàdé àkọtọ́ Yorùbá l'Ékòó, a ti ní àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ta ló ń fi í sórí fóònù? Ọ̀kan nínú wa dúró pẹ́ ní Ibafo kó tó rí mọ́tò, ló bá kọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ifo pé “Mo ti ri oko.” Màmá pè é lójú ẹsẹ̀: “Ọmọ ta ni? Ọmọ ìlú wo ni?” Ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́, oko: àwa fúnra wa la fi ọwọ́ wa sọ wọ́n di “ough”.

Ní lẹ́sìnnì wa báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń kàwé rẹ́rìn-ín, olùkọ́ pẹ̀lú. A pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí ohùn wọn. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ yẹn tó tún dìde. Ó kà á dé dough, ó dúró, ó wo pátákó, ó wò wá.

“Àǹtí, ẹbí èwo lèyí?”