Fíláàṣì tí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣe

Ẹni tí ó bá dé Kumasi ní ilẹ̀ Ghana tí kò yà sí Suame Magazine, kò tíì rí ìlú náà tán. Ibẹ̀ ni ibùdó àwọn mẹkáníìkì, àwọn rìwáyà, àwọn ajórin àti àwọn tí ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ń jẹun níbẹ̀. Ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ni wọ́n ṣòwò níbẹ̀ tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà lọ: fíláàṣì kámẹ́rà ni.

Ní ọdún 1972, yunifásítì Kumasi, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Kwame Nkrumah, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Technology Consultancy Centre, kí ìmọ̀ àwọn olùkọ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1980, wọ́n gbé ẹ̀ka rẹ̀ wá sí Suame gan-an, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin àti bí a ṣe ń yọ́ ọ dà sínú àwòkọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni tí ó ti ń tún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀.

Nídìí irin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, ní Kumasi tàbí ní Mushin. Ọmọkùnrin náà yóò tú ẹ̀rọ, yóò yọ èyí tí ó jó, yóò fi irú rẹ̀ rọ́pò, ó parí. Ẹ bi í léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ohm 150 ni wọ́n lò níbẹ̀ tí kì í ṣe 1,500, kò ní lè sọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí fíláàṣì LED kò ní ju ẹ̀yà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ìṣirò rẹ̀ kò sì kọjá ti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan fíláàṣì àtijọ́ o, èyí tí gáàsì xenon wà nínú gílóòbù rẹ̀. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń gba iná tí ó tó nǹkan bíi volt 300, bí a bá sì yọ bátìrì kúrò, iná náà kò lọ. Mo tú ọ̀kan wò nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ṣe bí ó ti kú. Iná gbé mi débi pé síkúrúdíráfà fò kúrò lọ́wọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ti LED kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1962 ni Nick Holonyak ti ṣe èyí tí ń tan pupa ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n funfun kò ṣeé ṣe dáadáa títí tí àwọn ará Japan fi rí aláwọ̀ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ gan-an ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ náà ni Akasaki, Amano àti Nakamura fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014.

Ó yá, ẹ mú bírò. Bátìrì mẹ́rin oní volt 1.5 tí a tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ volt 6. LED funfun kan ń gba nǹkan bíi volt 3.2. Volt 2.8 tí ó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbà á, rẹ̀sísítọ̀ sì ni. Bí LED náà bá jẹ́ irú tí ó lè gba ampere 1, a ó fi 1 pín 2.8, ohm 2.8 nìyẹn, èyí tí ó sún mọ́ ọn lọ́jà ni 2.7. Bí ó bá jẹ́ kékeré tí kò gbà ju ìdá 20 nínú 1,000 ampere lọ, ohm 140 ni yóò jáde, ẹ ra 150. Ẹni tí kò bá fi rẹ̀sísítọ̀ sí i, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Bátìrì tí ó ti ń rẹ̀ kò lè sọ ampere 1 jáde lójijì, nítorí náà ni a ṣe ń lo kapásítọ̀, bí ẹni tí ń fi igbá kékeré pọn omi kún ìkòkò kí ó lè dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíránsísítọ̀ ni aṣọ́bodè. Kámẹ́rà kàn ń pàṣẹ fún un ni, kò ru ẹrù iná náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ìmọ́lẹ̀ xenon ń parí láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n LED ní láti máa tàn ní gbogbo ìgbà tí ojú kámẹ́rà fi là sílẹ̀, ká ní ìdá kan nínú 60. Bí kapásítọ̀ bá jẹ́ microfarad 10,000, kí ìgbà náà tó pé, iná tí ń wọ LED yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ so mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni yóò ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tí ó lè rí èyí nídìí àtúnṣe nìkan; ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ ni yóò rí i.

N kò ní tan yín jẹ. Fíláàṣì kékeré inú kámẹ́rà alálòsọnù ń kó nǹkan bíi joule 6 ààbọ̀ jọ. LED wa kan ṣoṣo kò lò ju ìdá márùn-ún nínú 100 joule kan. Ẹ má gbé e lọ síbi ìnáwó, kí wọ́n má baà fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí kò jìnnà ju apá kan lọ ni ó wà fún. Bí ó bá sì jìnnà sí ohun náà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni yóò débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kéékèèké pọ̀ ní agbègbè Kumasi tí ó yẹ kí a yà: òwú kente àwọn ahunṣọ Bonwire, àti àwọn ohun ìwọ̀n wúrà tí àwọn Asante fi idẹ rọ, tí òmíràn nínú wọn kò tóbi ju èékánná lọ.

Kí ọmọ náà ra LED méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kan yóò jó. Bí ó bá jó, kí ó kọ iye ohm tí ó lò sínú ìwé kí ó tó so èkejì.