Asọ̀rọ̀mágbèsì Inú Kọ̀ǹpútà àti Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Nígbà tí rédíò alókùn kọ́kọ́ dé Èkó ní 1935, Yorùbá kò jáfara láti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n wo àpótí tí ń rojọ́ lára ògiri láìgba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà báyìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ni kò sì tíì fura.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC ti bẹ̀rẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ DAB láti 1995. Wọn a sọ ohùn di òǹkà kí wọ́n tó tú u sí afẹ́fẹ́, ìgbì kan ṣoṣo a sì ru ilé-iṣẹ́ rédíò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbì náà bá rẹ̀ sílẹ̀ jù, kì í hó ṣáá bíi ti FM. Ńṣe ni yóò dákẹ́ wẹ́lo. Ẹni tí ó bá ní káàdì agbàgbì lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó ní antẹ́nà, yóò gbọ́ ọ láìra dátà. Ní 2012 ni ó wá di mímọ̀ káàkiri pé pélébé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n, èyí tí RTL2832U wà nínú rẹ̀, lè sọ kọ̀ǹpútà di rédíò tí ń gbọ́ DAB àti FM.

Àwọn kan yóò ní kí ni ti Nàìjíríà níbẹ̀, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé FM ni à ń gbọ́ níhìn-ín. Ìdáhùn wà nínú ìbéèrè wọn. Pélébé kan náà ni yóò gbọ́ Amúlùdùn FM 99.1 láti Mòníyà, tí kọ̀ǹpútà yóò sì gbà á sílẹ̀ ní wákàtí tí a bá dá fún un. Ìjálá, ẹkún ìyàwó, ọ̀rọ̀ àgbà àti ẹ̀ka-èdè ń gba afẹ́fẹ́ kọjá lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ṣègbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní lítíréṣọ̀ alohùn ń ka ìjálá nínú ìwé láìgbọ́ ohùn ọdẹ rí. Àwòrán iyán kò yó ni!

Kì í ṣe pé kí a máa jí ohùn olóhùn o. Ilé-iṣẹ́ rédíò àti apohùn gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó tọ́jú ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ṣì wà nílẹ̀. Ìwé èdè-ìperí ti 1984 àti ti 1990 ṣe gudugudu méje fún gírámà àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ yìí kò tíì sí nígbà náà. Bí “agbàgbì” kò bá tẹ́ àwọn kan lọ́rùn, kí wọ́n mú èyí tí ó sàn wá. Kódà, asọ̀rọ̀mágbèsì fúnra rẹ̀ di àríyànjiyàn: kò gba èsì síbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí a ní kí ó tún un sọ.

Ètò kan lọ́sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ apohùn àti ìlú rẹ̀ lára ohùn kọ̀ọ̀kan.