Ẹ̀rọ Olówó Gọbọi Kọ́ Ni Ń Kọrin

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ gba orin ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó gbà pé bí òun kò bá ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn olówó gọbọi, orin òun kò lè dùn létí ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe gbáà ni èyí.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ ju ẹ̀rọ lọ. Neumann U 87, tí ó ti Jámánì jáde ní ọdún 1967, a máa gbọ́ ohùn fínnífínní, títí kan mímí tí akọrin ń mí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n etí tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, àkùkọ tí ń kọ, ìró tí ń ta padà lára ògiri òfìfo, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé. Shure SM58 ti Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1966, kò náni tó ìdámẹ́wàá owó náà. Ohùn ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn ni ó ń gbọ́ jù. Nínú ilé aláriwo, àbùkù yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀.

Nígbà tí Michael Jackson ń kọ àwo Thriller, tí ó jáde ní 1982, Shure SM7 ni Bruce Swedien gbé síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Neumann. Àìlówó kọ́ ni ó fà á; ẹ̀rọ olówó iyebíye kún ọwọ́ Swedien.

Kí ọ̀dọ́ ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó fi owó tí ó kù ra aṣọ ìkélé tí ó nípọn, kí ó ta á yí ògiri yàrá ká, kí ó sì dúró di òru kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin.