Ẹ Yé Bi Òkú Léèrè Ibi Tó Ń Lọ

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé ọ̀rẹ́ ló pa ọmọbìnrin kan, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kì í ṣe nípa apànìyàn. Òkú la máa ń bi: "Kí ló wá dé ibẹ̀?" "Ta ló rán an níṣẹ́?" Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ẹ jẹ́ ká yẹ ìbéèrè yìí wò dáadáa.

Ẹ rántí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n pa ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac, l'Ékòó, ní oṣù Keje ọdún 2012. Ó ń kàwé fún oyè kejì ní Keffi, ó sì ń tajà. Orí Facebook ni òun àti àwọn tó pa á ti dọ̀rẹ́. Wọ́n fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi fọkàn tán wọn. Nígbà tó wá ra ọjà l'Ékòó, àwọn ló gbà á lálejò. Àwọn náà ló dè é, tí wọ́n jà á lólè, tí wọ́n sì fún un lọ́rùn pa. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga tó dájọ́ ikú fún àwọn ọkùnrin méjì.

Ọ̀pọ̀ ló ní Facebook ló fà á. Èmi ò gbà. Ìfọkàntán ni ohun èlò tí wọ́n lò. Ẹni tó bá lè fi oṣù mélòó kan kọ́ ọ̀rẹ́ lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè lo kíláàsì, ó sì lè lo ilé ìjọsìn.

Àwọn àgbà wa mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. A ò gbọ́ rí kí wọ́n bá ẹ̀fọ́ wí. Wọ́n tún ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: lọ́dún 2023, nínú nǹkan bí 85,000 obìnrin àti ọmọdébìnrin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa lágbàáyé, nǹkan bí 51,100 ló jẹ́ pé ọkọ, olólùfẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí ló pa wọ́n. Ìyẹn tó 140 lóòjọ́. Tí a bá wá ń kọ́ ọmọbìnrin pé àjèjì nìkan ni kó máa sá fún, a ò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé kí wọ́n má ṣọ́ra mọ́ ni?" Rárá o. Kí a sọ ibi tí à ń lọ fún ẹnìkan, kí a sì pàdé ojúlùmọ̀ tuntun níbi tí èrò wà: ó dára. Àmọ́ kò sí bí ènìyàn ṣe lè máa ṣọ́ ọ̀rẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè tọ̀sán tòru. Ìṣọ́ra obìnrin nìkan ò tó.

Àwa ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí ẹnìkan bá ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé ọmọbìnrin kan "ti jẹ owó òun", pé òun máa "fojú ẹ̀ rí nǹkan", ẹ̀rín kọ́ ló yẹ ká rín. Ká bá a wí lójú ẹsẹ̀, ká sì ta ọmọbìnrin náà lólobó. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ka híhalẹ̀ mọ́ni àti títọpa ẹni kiri sí ẹ̀ṣẹ̀; kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí irú ìròyìn yìí bá tún dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà: kí ló gbé ọ débẹ̀? Kí ẹ sì bi àwa tó yí i ká: kí la gbọ́ tí a fi dákẹ́?